Ìwọ̀n Tí Kò Mira fún Sylvanus

Àhesọ náà dé Ọ̀wọ̀ ṣáájú Sylvanus fúnra rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin òyìnbó kan wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn tó ní ìwọ̀n tó fi ń wọn àánú inú ọkàn ènìyàn, bí àwọn tó ń ra kòkó ṣe ń gbé àpò kọ́ ìwọ̀n. Wọ́n ní ó ti wọn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì Sylvanus lọ́kọ̀ọ̀kan, ti àwọn kan wúwo, ti àwọn kan fúyẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọmọ Ute yìí, ìwọ̀n náà kò mira rárá.

Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ọdún 1957 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì àwọn ọmọbìnrin, mo ti rí ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà lábẹ́ ahọ́n, mo sì ti rí èyí tí wọ́n fi ń wọn òjò. Kí ló wá kù tí òyìnbó ò ní wọ̀n? Ìdajì tí n kò gbà gbọ́, katikísìmù ló fà á. Wọ́n ti kọ́ wa pé Ọlọ́run nìkan ló mọ inú ọkàn, n kò sì rò pé Ó ti yá ẹnikẹ́ni ní ìwọ̀n Rẹ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò ṣiyèméjì rárá pé ìwọ̀n náà wà. Ẹni tó dúró tì í ni kò fọkàn tán.

"Gbogbo ìwọ̀n tí mo ti rí láyé mi," ló wí, "ló ní ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tì í nísàlẹ̀."

Àwọn ọmọ mi mọ Sylvanus Ọmọ́yẹlé sí bàbá tó máa ń jókòó nídìí òpó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í gbé ohùn sókè bí a bá ń kọrin, tó sì jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò, wọn á ti bá a lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé onítọ̀hún, kò ní sọ nǹkan kan, kò sì ní dìde. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Ìṣojú mi ló di bẹ́ẹ̀.

Ute ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n ju iyọ̀ lọ. Iṣu àti kòkó ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, kì í sì í fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ bá lè ṣe. Bí ibà bá mú ọmọ nínú ilé náà, bàbá á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á jáde, á padà wọlé pẹ̀lú ewé dọ́ńgóyárò, á sì gbé omi kaná. Kò sí pẹ̀lẹ́, kò sí Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Ọmọ á mu àgbo, ara rẹ̀ á yá, gbogbo wọn á tún kọjú sí oko. Sylvanus ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bàbá Boniface, lọ mú un wá sí Ọ̀wọ̀ kó lè lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn Fadá.

Akọ̀wé ni Bàbá Boniface ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé Ute kò sọ, ó dà bíi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó o pamọ́ sí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. A jọ ń lo àgbàlá kan, kànga kan, àti ìjà kan tí kò tán lórí adìẹ. Níwájú rẹ̀ ni ọmọ náà ti dàgbà, ó mọ̀wé, ó sì gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ àwọn tí ìjọba máa ń rán lọ sí ilé tí wàhálà bá wà: ilé ọmọ òrukàn, ilé opó, ilé tí ọmọ ti sá lọ. Mísì Pákà ni orúkọ obìnrin òyìnbó tó ń kọ́ wọn.

Sátidé kan nínú oṣù keje ló sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú àpótí páànù rẹ̀. Bàbá Boniface kò jẹ́ kó gbé e dé inú ilé.

"Sylvanus, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n wọ̀n ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Lórí ìwọ̀n?"

"Rárá, Bàbá. Àwòrán ni wọ́n lò."

Ìyá mi, tó ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, gbé atẹ sílẹ̀. "Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ?"

Sylvanus ṣàlàyé fún wa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. Mísì Pákà á fi àwòrán ènìyàn kan han akẹ́kọ̀ọ́, á sì bi í pé kí ló wà lọ́kàn ẹni náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ọkàn ẹlòmíràn lára bí ẹni pé tirẹ̀ ni, nítorí ẹni tí kò bá lè ṣe é, kò yẹ kí wọ́n rán an lọ sí ilé ẹni tí ìdààmú bá.

"Kí ló wà nínú àwòrán tìrẹ?" ni Bàbá Boniface bi í.

"Obìnrin kan jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Epo rẹ̀ ti dànù."

"Yéè, pẹ̀lẹ́ o," ni ìyá mi wí. Obìnrin inú àwòrán ló ń kí.

"Mísì ní kí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ní kí a kọ́kọ́ gbé garawa náà dìde kí ìyókù má bàa dà."

"O dáhùn dáadáa," ni Bàbá Boniface.

"Ó ní òun kò bi mí ní ohun tí a ó ṣe, ó kọ òdo sílẹ̀. Mo ní n kò mọ obìnrin náà rí. Ó mú òmíràn jáde. Ọmọ kan dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́, gbogbo àwọn yòókù ti lọ. Mo ní ta ló yẹ kó wá mú un, kí a ránṣẹ́ sí i."

"Ó tún fún ọ ní òdo."

"Òdo ni títí dé ìparí, Bàbá."

Ohùn rẹ̀ kò yí padà nígbà tó sọ èyí tó kù. Ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n tó wọlé, Mísì Pákà yóò rin ìrìn àjò yí ká, yóò bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò nílé, yóò sì tún Sylvanus wọ̀n. Bí ó bá tún jẹ́ òdo, kò ní padà sí Ìbàdàn mọ́, torí iṣẹ́ yẹn nìkan ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà fún. Ute ni yóò padà sí.

"Kí ló ṣe Ute?" ni Bàbá Boniface wí, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sórí àpótí náà, ojú rẹ̀ sì ti rọ.

"Ute dára, Bàbá. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́."

A wo ara wa. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó sọ pé òun fẹ́ nǹkan rí, àní lórí ẹran Kérésìmesì.

Ìyá mi gba iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ìyá Monica ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí tèmi, kò sì sí ilé tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti ṣọ̀fọ̀, tàbí tí wọ́n ti ń kó ẹrù wọlé tí kò ní ní ohun tó yẹ lẹ́nu. Ó ní ìkíni fún ẹni tó ń dirun, fún ẹni tí òjò pa, fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò, fún ẹni tó kàn jókòó jẹ́jẹ́ tirẹ̀. Mo máa ń sọ pé bí ìyá mi bá dé ọ̀run, kí àwọn áńgẹ́lì tó ráyè kí i káàbọ̀, á ti kí gbogbo wọn kú iṣẹ́.

Àgbàlá ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti ń sun àgbàdo.

"Ilé mi jóná," ló wí fún Sylvanus, ó sì yí àgbàdo náà padà.

"Níbo ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀?"

"Sylvanus. Ilé mi jóná."

"Ṣé ẹ ti rí ibi sùn?"

"Ta ló bi ọ́ níbi sùn? Jókòó. Wo ojú mi. Mí kanlẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni tó sọ àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀.

"Ó dáa. Wí pé, ẹ kú àmúmọ́ra."

"Ẹ kú àmúmọ́ra."

"Àti kí ni?"

Ó ronú gidi. "Páànù mélòó ló bá a lọ?"

Àgbàdo wa ló jóná ní tòótọ́ lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀rín.

Nígbà tí ìyá mi rí i pé àgbàlá kò tó, ó mú un jáde. Wọ́n lọ kí ọkùnrin kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú. Sylvanus kí i dáadáa, gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò, a ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ìyá mi ti ń yangàn. Ló bá fi kún un pé, "Ṣé kí n bá yín gbẹ́ ihò rẹ̀?" Ọkùnrin náà, tó ti ń nu ojú, bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé ṣọ́bìrì fún un. Wọ́n lọ kí obìnrin kan tó bí ìbejì. Ó sọ pé ẹ kú ewu ọmọ, wọ́n ní kó jókòó, nígbà tí ìyá mi fi máa gbé ọmọ kejì lé ẹsẹ̀, Sylvanus ti wà nídìí ilẹ̀kùn, ó ń tún ìdè rẹ̀ ṣe. Ìyá ìbejì ní kí wọ́n máa mú un wá lójoojúmọ́.

"Mo mú un lọ sọ̀rọ̀," ni ìyá mi ròyìn fún Bàbá Boniface, "ó lọ ṣe káfíńtà."

"Káfíńtà yẹn gan-an ni àánú," ni Bàbá Boniface dáhùn. "Èwo ló sàn fún ìyá ìbejì, ẹ kú ewu tàbí ilẹ̀kùn tó ń tì?"

"Méjèèjì. Ẹni tí wọ́n tún ilẹ̀kùn ṣe fún láìwo ojú rẹ̀, ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n bẹ̀ wò."

"Ìyá Monica, ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ jù."

"Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Akọ̀wé kọ́ọ̀tù?"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn Bàbá Boniface ni mo sì wà nínú ọkàn mi, títí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fi dé.

Ilé tó tẹ̀ lé tiwa ni Àǹtí Kúlísúmù ń gbé, obìnrin Ìkàrẹ́ tí ọkọ rẹ̀, Jìbírílù, kú lọ́dún tó ṣáájú. Oko wọn wà ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Nígbà ayé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni Jìbírílù fi ń gbé e lọ, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ lórí ìyàwó, wọn á sì máa jà láti ẹnu ọ̀nà títí dé oko lórí bí ọkọ ṣe ń gùn ún. Láti ìgbà tó ti kú, ẹsẹ̀ ni Kúlísúmù fi ń rìn ín. Kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ sì gbẹ mọ́ ọn títí dé ìjókòó.

Ojoojúmọ́ ni Sylvanus ń kọjá lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Kúlísúmù lọ sóko, kò lè mú un mọ́ra. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà síta, ó fọ̀ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, ó lẹ rọ́bà inú táyà, ó fi epo sí ṣéènì, ó tọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ti wọ́, ó sì gbé e padà sí ibi tó wà, ó ń dán bí ti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Mo rí i tó dúró tó ń wò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kúlísúmù ti oko dé pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí. Ó dúró. Ó fúnra rẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹrù náà wúwo. Ó fi ìka kan táyà, ó wo ìka náà, ìka mọ́.

"O ṣeun, Sylvanus," ló wí. "Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn, oòrùn ṣì wà lókè.

Ọpẹ́ ni Sylvanus gbọ́. Ó wá sí àgbàlá, ó jókòó ti iyán rẹ̀. Ìyá mi dúró tì í títí ó fi gbójú sókè.

"Ẹrẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọjọ́ tí Jìbírílù lọ oko kẹ́yìn ló kó o bọ̀. Kúlísúmù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbálẹ̀ kan ibẹ̀."

Ọwọ́ Sylvanus dúró nínú àwo. "Kò sọ fún mi."

"O bi í?"

Ó sọ̀rọ̀, ó sì sọ ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ.

"Nígbà tí ìyá mi kú, ènìyàn kún ilé wa. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò bá wọn sunkún. Ó kó gbogbo aṣọ ìyá mi, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó ká a sínú àpótí. Gbogbo ènìyàn ní òun ló ṣe iṣẹ́ gidi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ṣí àpótí náà, mo fi imú sí aṣọ. Òórùn ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́."

"Kí ló wà lọ́kàn rẹ lọ́jọ́ náà?" ni ìyá mi bi í.

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan ti bi mí kí wọ́n tó fọ̀ ọ́." Ó ti àwo sẹ́yìn. "Èmi náà ló wá fọ̀ ọ́ yìí."

Ìyá mi la ẹnu, kò rí ìkíni kankan níbẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Ó kàn bu omi fún un kó fọwọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sylvanus lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé Kúlísúmù. Kò mú sípánà dání, kò mú òòlù, kò mú ṣọ́bìrì. Kúlísúmù jáde, ó bá a níbẹ̀. Mo wà nídìí kànga, mo sì ń fa omi pẹ̀lú sùúrù tó pọ̀, kí n lè gbọ́.

"Àǹtí, mo fọ ẹrẹ̀ yín dànù. N kò bi yín."

Kúlísúmù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, irú ènìyàn wo ni ọkọ yín?"

Obìnrin náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ǹṣì. Fún ìgbà díẹ̀ mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.

"Kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn," ló wí. "Èyí ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti rà á, kò mọ̀ ọ́n gùn. Kò sí kọ̀nà kan láàárín ibí àti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tí n kò ti bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kan ó gbé wa wọ odò, èmi, iṣu, apẹ̀rẹ̀, gbogbo wa. Mo wà nínú omi títí dé ọrùn. Ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ bi mí? Ó ní, Kúlísúmù, ṣé o rí agogo kẹ̀kẹ́ mi?"

Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá mi sáré jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, torí ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Sylvanus kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹ orí rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń gbọ́ ìwé mímọ́, ó sì ń bi í, odò wo, iṣu náà ńkọ́, ta ló rí agogo. Oòrùn gun orí wọn lórí bẹ́ǹṣì náà.

"Ó dáa," ni Kúlísúmù wí nígbà tó nu ojú tán. "Ẹrẹ̀ ti lọ. Kẹ̀kẹ́ ti mọ́. Ta ni yóò wá gùn ún?" Ó wò ó, ó tún un wò. "Èmi ni màá gùn ún."

Mo rí Sylvanus tó la ẹnu. Mo mọ̀ pé gíga ìjókòó ló fẹ́ sọ. Ó pa á dé, ó tún un là.

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù níbẹ̀, Àǹtí?"

"Kí n ṣubú níwájú Boniface."

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ kíkọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà wa. Kúlísúmù wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sábẹ́ ìró, Sylvanus di ìjókòó mú láti ẹ̀yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Ìyá mi mú rósárì dání ní ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ Màríà Wúńdíá nítorí obìnrin mùsùlùmí lórí kẹ̀kẹ́. Mo sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ lọ́run, torí ìgbà tí kò ṣubú pọ̀ ju ìgbà tó ṣubú lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí Bàbá Boniface nínú, agogo náà. Lọ́pọ̀ ìgbà tí Kúlísúmù bá gun kẹ̀kẹ́, agogo ni, gbalangangan, títí dé ìparí òpópónà. Bàbá Boniface ní ìgbéraga ni, pé ó fẹ́ kí gbogbo Ọ̀wọ̀ jáde wá wo òun.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni mọ́tò kékeré kan dúró níwájú ilé Bàbá Boniface, tí Mísì Pákà sì sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó ga, tí àárẹ̀ mú, tí eruku bo fìlà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra. Àwọn ará àdúgbò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì yí mọ́tò náà po, wọ́n ń yọjú wá ìwọ̀n. Nígbà tó mú báàgì aláwọ kan ṣoṣo jáde, ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ìyẹn tín-ín-rín. Bóyá ti ọmọdé ni."

Bàbá Boniface wọ kóòtù rẹ̀ ti kọ́ọ̀tù. Ìyá mi wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Wọ́n fi èmi sí àárín kí n máa ṣe ògbifọ̀. Mísì Pákà mu omi, ó kí wa, ó sì mú àwòrán obìnrin tí epo rẹ̀ dànù jáde. Bàbá Boniface di apá àga mú.

Sylvanus wo àwòrán náà pẹ́.

"Ó ń tì í lójú," ló wí níkẹyìn. "Ó fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá tètè kọjá. Ó ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nílé."

Mísì Pákà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó mú ọmọ tó dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ jáde.

"Ó ń ṣe bí ẹni pé òun kò dúró de ẹnikẹ́ni."

Ìyá mi mí kanlẹ̀, mí-kanlẹ̀ gidi, irú èyí tó ti ń gbìyànjú láti kọ́ ọ. Mísì Pákà gbé kálámù sílẹ̀. Ó bi í bóyá ẹnì kan ló kọ́ ọ ní ìdáhùn wọ̀nyí. Sylvanus sì sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀, ìka tó mọ́, ilẹ̀kùn tó tì. Ó sọ fún un pé òdo tó fún òun lákọ̀ọ́kọ́, ó tọ́ sí òun.

"Ẹlẹ́rìí wo rèé?" Bàbá Boniface ti dìde. "Ní kọ́ọ̀tù wa, olùjẹ́jọ́ kì í bá ọlọ́pàá kó ẹ̀sùn jọ sórí ara rẹ̀. Monica, sọ fún Mísì pé ọmọ yìí gbé garawa dìde. Kí ni ọmọ tó gbé garawa dìde ṣẹ̀?"

Mo sọ ọ́. Mísì Pákà ní garawa gbígbé dára, ṣùgbọ́n òun ti rí ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn tó fẹ́ ṣoore ti wọ̀ láìbéèrè, tí wọ́n fi ìbànújẹ́ kún ìbànújẹ́. Mo sọ ìyẹn náà.

"Ohun tí mo ti ń wí láti oṣù keje rèé," ni ìyá mi wí. "Ṣùgbọ́n bi í léèrè, Monica, nínú ìwọ̀n tirẹ̀ yìí, ibo ni ìkíni wà? N kò gbọ́ ẹ pẹ̀lẹ́ kan nínú gbogbo rẹ̀."

Mísì Pákà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí i níbẹ̀, ó sì kọ ìyẹn pẹ̀lú sílẹ̀. Ó wá yí sí Sylvanus. Ó ní ìbéèrè kan ló kù, òun sì ni yóò pinnu. Kúlísúmù ti sọ inú rẹ̀ fún un. Ọmọ inú àwòrán ti hàn lójú. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ni kò ní sọ, tí kò sì ní hàn lójú wọn. Ṣé ó lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí kò là á lẹ́nu fún un?

"Ìbéèrè yẹn kò bófin mu," ni Bàbá Boniface. "Ta ló lè dáhùn rẹ̀? Ṣé òun lè dáhùn rẹ̀? Bi í, Monica, kí ló wà lọ́kàn mi báyìí?"

"Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló mọ èyí tó wà lọ́kàn yín," ni ìyá mi, "ẹ kì í gbé e pamọ́."

"Ìyá Monica, ilé mi lẹ wà."

"Ilé yín ni, ọmọ gbogbo wa ni."

Mísì Pákà náà ti ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì kò sì dákẹ́ fún un. Mò ń túmọ̀ sọ́tùn-ún, mò ń túmọ̀ sósì, títí mo fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún ìyá mi. Àárín rẹ̀ ni agogo kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóde, láti orí òkè òpópónà, gbalangangan, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ gbọ́ nǹkan," ni Bàbá Boniface wí. "Ẹ gbọ́ ìgbéraga obìnrin yẹn. Lọ́jọ́ tí a ní àlejò."

Sylvanus ti gbé orí sókè. "Kì í ṣe ìgbéraga, Bàbá. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti dá gùn ún dé orí òkè, kò sí ẹni tó di ìjókòó mú, ojú sì ń tì í láti pè mí níwájú àlejò."

"Kí ló wí?" ni Mísì Pákà bi mí.

"Jókòó, Sylvanus," ni Bàbá Boniface. "Wọn ò tíì wọ̀n ọ́ tán. O fẹ́ gba òdo lẹ́ẹ̀kejì? O fẹ́ padà sí Ute?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ," ni ìyá mi.

"Lọ síbo? Níwájú Mísì?"

"Monica, kí ló wí nípa agogo?" Mísì Pákà tún bi mí, ó sì ti mú kálámù.

"Ẹ má bínú, Mísì," ni Sylvanus wí. Ó rọra gbé àga rẹ̀ padà sí ìdí tábìlì, ó gba àárín ìyá mi àti Bàbá Boniface kọjá, níbi tí wọ́n ti ń na ìka sí ara wọn, ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó sì jáde sínú oòrùn.